Ọgbọ́n Ìdúnàádúrà Lórí Àga Gómìnà: Ọ̀ràn Adams Oshiomhole

Ẹjọ́ méjì ni àwọn èèyàn sábà máa ń dá Adams Oshiomhole. Àwọn kan ní akọni ni nígbà tó ń darí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC láti 1999 sí 2007, àmọ́ tó dé ilé ìjọba ìpínlẹ̀ Edo ní Bìní ní 2008 tán ló gbàgbé ibi tó ti wá. Àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ ní irọ́ ni, wọ́n ní kò yí padà rárá. Èrò tèmi ni pé ìhà méjèèjì gbé ọ̀rọ̀ gba ibi tí kò sí. Ohun tó kó wọ inú òṣèlú láti inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ìlànà kan lórí bó ṣe yẹ kí ìjọba máa tọ́jú tálákà. Iṣẹ́ ọwọ́ ló kó lọ, iṣẹ́ ìdúnàádúrà. Iṣẹ́ náà kò yí padà nígbà tó di gómìnà. Ẹ̀gbẹ́ tó jókòó sí nídìí tábìlì ló yí.

Ilé ìhunṣọ Arewa ní Kaduna ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó di òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ní kíkún ní 1975, ó sì di akọ̀wé àgbà fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ní 1982, lásìkò tí owó epo rọ̀bì ń wálẹ̀ tí ilé iṣẹ́ aṣọ sì ń ṣe òjòjò. Ìwé tí Gunilla Andrae àti Björn Beckman kọ lórí ẹgbẹ́ yìí fi hàn bí ìdúnàádúrà ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú rẹ̀ ní àwọn ọdún ìnira wọ̀nyẹn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kò ní ṣàìmọ̀ pé bí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílé, kò sóhun tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá máa jọ jókòó lé lórí mọ́. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó darí ní NLC fi jọra wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2000, ìjọba Ààrẹ Obasanjo gbé owó lítà bẹntiróòlù láti 20 náírà sí 30. Òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ó parí sí 22. Ní 2003, wọ́n gbé e láti 26 sí 40. Ó parí sí 34. Owó epo ṣì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìgbà méjèèjì, síbẹ̀ wọ́n ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lójú ẹni tó bá mọ ohun tí ìdúnàádúrà jẹ́. Kò fìgbà kan gbìyànjú láti bi ìjọba ṣubú. Iye owó ló ń bá wọn fà.

Àjọ elétò ìdìbò INEC kéde pé Oserheimen Osunbor ti ẹgbẹ́ PDP ló wọlé gómìnà Edo ní 2007, àmọ́ ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò dá Oshiomhole láre ní oṣù Kẹta 2008, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá. Láti ọjọ́ tó búra wọlé ló ti di agbanisíṣẹ́. Nígbà tó fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ṣe ìdánwò ní 2013, ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT kọ̀ jálẹ̀, ó sì bá wọn fà á bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ṣe ń fà á. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Èyí tó yẹ ká dúró lé lórí ni ọ̀rọ̀ opó kan tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Bìní lọ́dún yẹn kan náà, tí gómìnà sọ fún pé kó lọ kú. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ó sì fún un lówó. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà: ẹgbẹ́ olùkọ́ ní akọ̀wé, wọ́n ní lẹ́tà, wọ́n lè daṣẹ́ sílẹ̀. Opó náà kò ní agbanisíṣẹ́ tó lè daṣẹ́ sílẹ̀ fún, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ṣe wà. Ọgbọ́n tí a kọ́ ní Kaduna kò ní àyè fún wọn, àfi kí gómìnà bínú sí wọn tàbí kó ṣàánú wọn.

Ẹnì kan lè bi mí pé, owó oṣù tó kéré jù lọ ńkọ́? Lóòótọ́, ní ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní 2016, ó kéde 25,000 náírà ní Edo nígbà tí ti ìjọba àpapọ̀ wà ní 18,000. N kò fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ó ku oṣù mélòó kan péré kó fipò sílẹ̀, ọwọ́ ẹni tó rọ́pò rẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà bọ́ sí; kò sì kan ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé owó oṣù ìjọba.

Àtakò tó lágbára jùyẹn lọ ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú ló fà á: ká ní ẹgbẹ́ Labour tí NLC ṣagbátẹrù ló dì í mú ni, ì bá má lọ síbi tó lọ. Àsíá ẹgbẹ́ AC ló fi díje ní 2007, tòun ti àjọṣe pẹ̀lú Labour. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àsíá Labour gan-an ni Olusegun Mimiko, tó jẹ́ dókítà, gbé wọlé gómìnà ní 2009 àti 2012. Ní 2014 ó gba PDP lọ, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó lè dì í lẹ́sẹ̀ mú. Orúkọ ẹgbẹ́ nìkan kò so gómìnà mọ́ òṣìṣẹ́.

Oshiomhole tó lókìkí fún ṣíṣẹ́gun àwọn bàbá ìsàlẹ̀ ní Edo ló fa Godwin Obaseki kalẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀ ní 2016. Ní oṣù Kẹfà 2020, ẹgbẹ́ APC tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe alága rẹ̀ ní kí Obaseki má díje. Obaseki bọ́ sí PDP, ó sì wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ rí agbára nìkan nínú ìjà yìí. Lójú tèmi, ìbínú ẹni tí wọ́n da àdéhùn rẹ̀ ló hàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá ṣe, iwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń gbé e padà sí kí wọ́n tó fara mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé kankan lórí èyí tó wà láàárín Oshiomhole àti Obaseki.