Ogun Òṣogbo ọdún 1840: Bí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣe dá àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin padà

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé ní Bódìjà, Agbówó àti Challenge ló mọ àdúgbò Oluyole Estate tó wà lápá Ring Road bí ẹni mọ owó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n léèrè pé ta ni Olúyọ̀lé, tàbí ogun wo ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jà tí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá fi yí padà, díẹ̀ ló máa rí èsì fọ̀ nínú wọn. Ogun ọ̀hún ni ogun Òṣogbo, èyí tó wáyé ní nǹkan bí ọdún 1840.

Kí ọ̀rọ̀ tó di ti Òṣogbo, nǹkan ti bàjẹ́ fún ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Afọ̀njá tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ti kọ̀yìn sí Aláàfin, ó sì pe Álímì, àlùfáà Fúlàní, wá sí Ìlọrin láti ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó pè náà ló pa á, ọmọ Álímì sì di ẹ́míà Ìlọrin lábẹ́ ìjọba Ṣókótó. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ti ń fọ́ ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan. Aláàfin Olúẹwù gbìyànjú láti lé wọn, ó pe àwọn ará ilẹ̀ Bàrìbá mọ́ra, àmọ́ ojú ogun ni ó kú sí. Ọ̀yọ́ Ilé tú pátápátá. Nígbà tí Atìbà jọba ní Àgọ́ Ọjà, èyí tí a ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí, ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Kakaǹfò, kí wọ́n lè jẹ́ odi fún ìyókù ilẹ̀ náà. Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kò tíì ju ibùdó ogun tí kò pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà náà.

Ìlọrin wá dó ti Òṣogbo. Ìlú yìí ni ẹnu ọ̀nà igbó. Bí ó bá ṣubú, kò sí ohun gidi kan tó tún máa dí wọn lọ́nà títí dé ìsàlẹ̀. Àtáọ́jà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sì kọ́kọ́ fi àwọn ọmọ ogun díẹ̀ ránṣẹ́. Agbára wọn kò ká a. Wọ́n tún fi òmíràn kún un, síbẹ̀ kò tó. Ìgbà náà ni Balógun Ọdẹ́rìnlọ kó ogun ńlá jáde, tòun ti àwọn akọni mìíràn.

Ìṣòro tó wà níwájú wọn kì í ṣe kékeré. Ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ará Ìbàdàn fi ń jà, ẹṣin ni Ìlọrin sì gbójú lé. Ní pápá gbalasa, lójú ọ̀sán, ẹlẹ́ṣin a máa tú ẹlẹ́sẹ̀ ká bí ẹni tú àwọn adìyẹ ká. Nítorí náà ni àwọn olórí ogun Ìbàdàn ṣe gbìmọ̀ pé òru ni kí àwọn kọlu ibùdó Ìlọrin. Ìgbìmọ̀ náà ló gbà wọ́n. Ẹ̀rù ba àwọn ará ibùdó lójijì, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ráyè tú okùn ẹsẹ̀ ẹṣin wọn kí wọ́n tó gùn ún. Ẹṣin tí a so lẹ́sẹ̀ kò lè sáré. Ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba gbogbo ayé di ẹrù sí wọn lọ́rùn.

Ìbàdàn mú àwọn ènìyàn pàtàkì láàyè. Lára wọn ni Jímbà, olórí ẹrú ẹ́míà. Ọmọ Álí, tó jẹ́ olórí ogun Ìlọrin. Àti Ajíkòbí àti Látẹ́jú, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: wọ́n dá Jímbà àti ọmọ Álí sílẹ̀, wọ́n sì pa àwọn ọmọ Yorùbá méjèèjì. Lójú àwọn olórí ogun, ọ̀tá ni àwọn ti ìṣáájú, ọ̀dàlẹ̀ sì ni àwọn tó kẹ́yìn. Èyí náà ló fi hàn pé àwọn tó ń sọ ọ́ bí ẹni pé Yorùbá àti Fúlàní nìkan ló dojú kọ ara wọn kò sọ ọ́ tán. Yorùbá pọ̀ nínú ogun Ìlọrin.

Àwọn ará Òṣogbo ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní Ọ̀ṣun ló para dà di obìnrin olóúnjẹ, tó sì ta oúnjẹ olóró fún àwọn ọmọ ogun tó wá. Ẹni tó bá lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, yóò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn. Lóṣù kẹfà ọdún 1941 ni Hitler kó ọmọ ogun tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ wọ ilẹ̀ Soviet, tó rò pé oṣù díẹ̀ ló máa gbà. Ẹrẹ̀ àti òtútù mú àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ará Rọ́ṣíà sì jà bí ẹni tí kò ní ibi tí yóò sá sí. Lóṣù kejì ọdún 1943, ogun rẹ̀ túúbá ní Stalingrad. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ilẹ̀ tó wọ̀ mu ni àwọn méjèèjì. Níhìn-ín náà, igbó àti àìsàn tí eṣinṣin igbó ń kó ran ẹṣin kò jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin pẹ́ nísàlẹ̀.

Òṣogbo kò ṣubú, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ná an. Ìbàdàn kò padà sílé lásán. Ó di ọ̀gá lápá Ọ̀ṣun, lẹ́yìn náà ní Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ó sì fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú. Ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí fi jẹ àwọn ènìyàn wà lára ohun tó fa ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀ ní ọdún 1886. Nínú ogun Jálumi ní Ìkìrun, lọ́dún 1878, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì dara pọ̀ mọ́ Ìlọrin láti kọlu Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn lé wọn, ọ̀pọ̀ sì kú sínú odò Ọ̀tín. Ìlọrin kò yé gbógun ti Ọ̀fà àti àwọn agbègbè rẹ̀ títí ilé iṣẹ́ Royal Niger Company fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1897.