Ìrorẹ́ Ojú: Àfiwé Àwọn Oògùn Ìpara

Ìrorẹ́ máa ń yọ nígbà tí òróró ara àti awọ tó ti kú bá dí ihò irun, tí bakitéríà sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ìdọ̀tí kọ́ ló ń fà á; nítorí náà, ẹ má ṣe fi kànìnkànìn ha ojú ọmọ. Lára aláwọ̀ dúdú, àpá tí ìrorẹ́ fi sílẹ̀ a máa pẹ́ ju ìrorẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Àpá yìí ló sábà ń sún àwọn ọ̀dọ́ dé ìdí ìpara tí wọ́n fi ń bóra.

Àwọn oògùn náà

• Benzoyl peroxide (2.5% sí 10%): Ó ń pa bakitéríà. 2.5% ń ṣiṣẹ́ tó 10%, kì í sì í ta awọ tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣí àwọ̀ aṣọ, híjáàbù àti ìrọ̀rí.

• Adapalene (0.1%): Ó ń ṣí ihò tó dí. Alẹ́ ni kí ẹ lò ó. Awọ lè gbẹ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́. Kí aláboyún má ṣe lò ó.

• Azelaic acid (15% tàbí 20%): Ó ń wo ìrorẹ́, ó sì ń mú àpá dúdú ṣá. Aláboyún lè lò ó.

• Clindamycin (1%): Ó ń dín wíwú kù. Ẹ lò ó pẹ̀lú benzoyl peroxide, kí bakitéríà má baà di èyí tí oògùn kò ràn mọ́.

• Salicylic acid (0.5% sí 2%): Ó dára fún ìrorẹ́ wẹ́wẹ́ tí kò wú.

Bí a ṣe ń lò wọ́n

Ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan tó fún gbogbo ojú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì. Ẹ ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ẹ tó sọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́.

Ìkìlọ̀

Ìpara tó ní clobetasol tàbí betamethasone lè kọ́kọ́ mú ìrorẹ́ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, awọ yóò di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìrorẹ́ mìíràn yóò sì yọ. Láti ọdún 2016 ni Food and Drugs Authority ti Ghana ti fòfin de hydroquinone nínú ìpara tí a fi ń bóra. Ẹ ka ara agolo kí ẹ tó rà á. Ẹni tó ti ń lo irú ìpara bẹ́ẹ̀ tipẹ́ kò gbọdọ̀ gba ìbáwí. Ìtọ́jú ló nílò.

Nígbà tó yẹ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn

Bí ìrorẹ́ bá di kókó tó ń dunni, bó bá ń dá ihò sójú, tàbí bí ọmọ bá ń fi ara pa mọ́ nítorí ojú rẹ̀, ẹ má ṣe dúró. Kí ẹni tó wà ní Aboabo kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò; láti ibẹ̀ ni wọ́n lè darí rẹ̀ sí Komfo Anokye Teaching Hospital ní Kumasi.