Ìgbọ́kọ̀sí Ọ̀fẹ́ ní Las Vegas
Ní ọdún 1941, Thomas Hull ṣí hótẹ́ẹ̀lì àti kasínò El Rancho Vegas sí ẹ̀bá títì Highway 91, lẹ́yìn odi ìlú Las Vegas. Àwọn awakọ̀ tó ń ti California bọ̀ ló fojú sùn: ààyè ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Bí kasínò ṣe ń pọ̀ lójú títì náà, ọ̀fẹ́ yìí di àṣà. Owó tẹ́tẹ́ ló ń dí i.

Ọdún 2016 ni MGM Resorts, ilé-iṣẹ́ tó ń darí ọ̀pọ̀ kasínò níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ìgbọ́kọ̀sí.

Inú bí àwọn ará ìlú, wọ́n sì jàre, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń lọ jẹun tàbí wòran ni. Ilé-iṣẹ́ náà fún ará Nevada ní ọ̀fẹ́ títí di òpin ọdún náà péré. Ní Caesars, ilé-iṣẹ́ kasínò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó, láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ Nevada ni ẹ̀rọ ẹnu géètì ń yẹ̀ wò nígbà náà kí ará Nevada lè gbọ́kọ̀ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, MGM dá wákàtí 3 ọ̀fẹ́ padà fún ará Nevada.