Táyà Ojú Títì àti Táyà Pápá Ìje: Bí Ọ̀nà Wọn Ṣe Yà

Ẹni tó bá ń fi mọ́tò kan ṣoṣo lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, tó sì tún ń gbé e lọ sí pápá ìje lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti sá eré tí òfin kò gbà lójú títì, kò lè ṣàì ronú lórí irú táyà àti irú ríìmù tí yóò fi sí i, nítorí pé táyà tó dára jù fún ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjèèjì kì í sábà yẹ fún èkejì. Ìyàtọ̀ yìí kò hàn tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di nǹkan bí ọdún 1970, ẹnu ìdíje ni àwọn ilé iṣẹ́ táyà ti ń dán ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún aráàlú wò, ohun tí wọ́n bá sì rí kọ́ níbẹ̀ kì í pẹ́ dé ọjà.

Rọ́bà tútù máa ń lẹ̀ nínú oòrùn, a sì máa le nínú òtútù. Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ló rí i ní 1839 pé bí a bá po imí ọjọ́ mọ́ ọn tí a sì fi iná sí i, yóò lágbára, yóò sì máa fà láìjá, ọgbọ́n kan náà tí àwọn fọkanáìsà ẹ̀bá títì fi ń lẹ túùbù títí dòní. Robert Thomson, ọmọ Scotland, gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ ní 1845, ṣùgbọ́n kò rí ọjà, ayé sì gbàgbé rẹ̀ títí tí John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko ní ìlú Belfast, fi tún irú rẹ̀ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, tó sì gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1888, èyí tí wọ́n fagi lé nígbà tí ó hàn pé Thomson ti ṣíwájú rẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ọwọ́ nínú ìtàn yìí ju bí ọ̀pọ̀ ìwé nípa mọ́tò ṣe ń sọ lọ. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere gbòde ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí owó rọ́bà sì gun òkè, àwọn ènìyàn rọ́ wọ igbó lọ láti máa gba oje igi irẹ́, igi rọ́bà ìbílẹ̀ tó pọ̀ nínú igbó wa. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba Èkó kọjá lọ sí òkè òkun ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ. Wọ́n dá igi náà lọ́gbẹ́ kọjá ohun tó lè gbà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kú, òwò náà sì wó láàárín ọdún díẹ̀.

Ní ọdún 1895 yẹn kan náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Michelin, André àti Édouard, tí ilé iṣẹ́ wọn wà ní Clermont-Ferrand ní ilẹ̀ Faransé, gbé mọ́tò tí wọ́n pè ní L'Éclair wọ inú ìje láti Paris lọ sí Bordeaux àti padà, ìrìn tó tó 1,178 kìlómítà, tí wọ́n sì fi táyà alátẹ́gùn sí i nígbà tí àwọn yòókù ń gun rọ́bà tó ki tàbí irin. Táyà wọn jò léraléra, wọn kò sì sún mọ́ ipò iwájú. Émile Levassor, tí táyà tirẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́ rárá, ló kọ́kọ́ dé lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 48. Síbẹ̀, àwọn tó lè ronú rí i pé mọ́tò tí afẹ́fẹ́ gbé dúró lè pẹ́ lórí eré láìfọ́ ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

Ìje Grand Prix ilẹ̀ Faransé ti 1906, tí wọ́n sá fún ọjọ́ méjì lẹ́bàá Le Mans, ló sọ ọ̀rọ̀ ríìmù di ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́. Oòrùn mú gan-an, ọ̀dà tí wọ́n fi tún ọ̀nà ṣe ń yọ́, òkúta mímú sì ń gé táyà. Òfin ìje náà sọ pé awakọ̀ àti mẹkáníìkì tó jókòó tì í nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀, nítorí náà, bí táyà bá bẹ́, àwọn méjèèjì a bọ́ sílẹ̀, wọn a fi ọ̀bẹ gé táyà tó bàjẹ́ kúrò lára ríìmù, wọn a fi agbára ti tuntun wọlé, wọn a sì fẹ́ ẹ, iṣẹ́ tó lè gba ìṣẹ́jú 15. Michelin ti ṣe ríìmù tí a lè tú kúrò pẹ̀lú táyà lórí rẹ̀ kí a sì de òmíràn tí wọ́n ti fẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ tí kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀, ìdíwọ̀n ọkọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bí 1,000 kìlógíráàmù, nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ kan kò lè lò ó. Ọkọ̀ Renault tí Ferenc Szisz, ọmọ Hungary, wà lò ó, òun ló sì gba ipò kìíní.

Táyà àtijọ́ ni èyí tí okùn inú rẹ̀ dábùú ara wọn ní ìpele-ìpele, tó fi jẹ́ pé bí mọ́tò bá ń yà, tí ẹ̀gbẹ́ táyà bá tẹ̀, ojú rẹ̀ náà a ká kúrò nílẹ̀. Ní 1946, Michelin gba ìwé àṣẹ lórí irú mìíràn, tí a ń pè ní radial: okùn rẹ̀ lọ tààrà láti etí kan dé èkejì, àmùrè wáyà irin sì wà lábẹ́ ojú rẹ̀, tó fi máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń tẹ̀. Ó ń pẹ́ kó tó gbó, kì í sì í jẹ epo púpọ̀. Níbí ni ojú títì ti ṣíwájú pápá, torí pé títí di 1977, nígbà tí Renault gbé radial wọ Formula 1, táyà okùn dídábùú ni ìdíje náà ṣì ń lò. Jody Scheckter àti Ferrari sì fi radial gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1979.

Kó tó dìgbà náà, pápá ti gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní 1971, Firestone mú táyà dídán borokoto, tí kò ní ìlà kankan lójú, wọ Formula 1. Ìlà tí wọ́n fín sí ojú táyà kò ní iṣẹ́ púpọ̀ ju kó lé omi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, bí rọ́bà tó kan ilẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dì í mú tó. Ṣùgbọ́n rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe irú táyà bẹ́ẹ̀ kì í dì mọ́lẹ̀ àfi bó bá gbóná dáadáa, òjò kékeré sì tó láti sọ ọ́ di ewu. Òfin ojú títì kò gbà á. Ní Yúróòpù, ìlà ojú táyà kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun dín sí mílímítà 1.6.

Ríìmù náà ní ìtàn tirẹ̀. Bugatti fi alumíníọ̀mù dídà ṣe ti Type 35 rẹ̀ ní 1924, Porsche sì fi alumíníọ̀mù rírọ, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ Fuchs ní Jámánì, sí abẹ́ 911 S ní 1966, torí pé bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá fúyẹ́, ó rọrùn fún sípíríǹgì láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Lẹ́yìn náà ni Pirelli ṣe P7 fún ọkọ̀ ìje Lancia Stratos, táyà fífẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú, èyí tó dé abẹ́ Porsche 911 Turbo tí aráàlú lè rà. Nọ́ńbà 225/50 R15 tó wà lára ti ẹ̀yìn túmọ̀ sí pé ó fẹ̀ tó mílímítà 225, pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdajì ìyẹn, pé radial ni, àti pé ríìmù ínṣì 15 ni yóò wọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ń jẹ́ kí ọkọ̀ tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọwọ́ awakọ̀, ṣùgbọ́n kòtò ojú títì kan ṣoṣo lè fi ríìmù rẹ̀ ṣófò, ohun tí àwọn tó ń ra ríìmù ńlá nítorí ẹwà kì í sábà rántí.

Láàárín ọ̀nà méjèèjì yìí ni táyà àwọn tó ń ṣe méjèèjì ti jáde: rọ́bà rẹ̀ rọ̀, ìlà rẹ̀ kò pọ̀, òfin sì gbà á lójú títì. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ìgbópẹ́ wà lára táyà kọ̀ọ̀kan, tí 100 jẹ́ òdiwọ̀n, tí 200 sì yẹ kó pẹ́ ní ìlọ́po méjì. Àwọn tó ń ṣètò ìje fún ọkọ̀ ojú títì fi òfin lélẹ̀ pé táyà kò gbọ́dọ̀ dín sí 200, kí ìje má baà di ti olówó nìkan; ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà náà ló ń fún un ní nọ́ńbà, kò sì pẹ́ tí táyà 200 tó ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bíi ti 100 àtijọ́ fi kún ọjà. Wọ́n ń gbó kíákíá, ooru pápá sì ń mú rọ́bà wọn le díẹ̀díẹ̀ kí ìlà wọn tó tán, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lọ sí pápá déédéé fi ń ní ríìmù ọ̀wọ́ méjì, ọ̀kan fún iṣẹ́ òòjọ́ àti ọ̀kan fún ìje, bí ti ìje náà bá sì ti lè gba búrẹ́ẹ̀kì ńlá láyè, wọn kì í wá ríìmù tó tóbi ju ìyẹn lọ.