Ta Ni Gbọ̀ngàn Ìlú Tọ́ Sí? Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Ààyè Àwọn Ẹgbẹ́ Àṣà

Àtẹ Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, ọ̀nà, títí dé ọgbà ìgbafẹ́ àti gbàgede ìlú. Ó ní kí káńsù ṣe wọ́n, kí ó sì máa tọ́jú wọn. Bí káńsù yóò ṣe pín wọn fún ẹni tó fẹ́ lò wọ́n kò sí níbẹ̀. Inú àlàfo yìí ni ẹgbẹ́ onílù àti ẹgbẹ́ òṣèré ti ń wá ibi ìdánrawò kiri. Èrò mi ni pé ohun tó ń pa wọ́n lára jù ni àìsí ìlànà tí gbogbo ará ìlú lè kà, tó sọ ẹni tí ààyè tọ́ sí, ìgbà tí yóò fi lò ó, àti ohun tí yóò ṣe fún ìlú padà.

Ọ̀nà méjì tí káńsù fi ń pín gbọ̀ngàn ló wọ́pọ̀ báyìí. Èkíní ni owó: wọ́n ń fi gbọ̀ngàn háyà lójúmọ́, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìdánrawò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò sì lè bá ẹni tó ń ṣe òkú àgbà du iye yẹn. Èkejì ni ojú: ẹni tó bá mọ alága káńsù á rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́, títí di ọjọ́ tí alága bá kúrò lórí oyè. Ìtàn tíátà wa jẹ́rìí sí ohun tí èyí ń fà. Lóòótọ́, Glover Memorial Hall l'Ékòó ni òṣèré Hubert Ogunde ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944. Ṣùgbọ́n Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tó bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 1961, owó òkè òkun ló gbé e ró. Ní Òṣogbo, ilé ọtí òṣèré Dúró Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ló di Mbari Mbayo ní 1962, ibẹ̀ ni eré rẹ̀ Ọba Kò So sì ti kọ́kọ́ jáde. Àwọn kan á ní èyí fi hàn pé iṣẹ́ ọnà lè dá dúró láìsí káńsù. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yàtọ̀. Ládípọ̀ ní ilé, àwọn ará Ìbàdàn mọ ẹni lókè òkun. Ẹgbẹ́ tí kò ní èyí, tí kò mọ tọ̀hún, a kò tilẹ̀ gbúròó rẹ̀ tí a ó fi kà á mọ́ ìtàn.

Àtakò tó le jù ni ti ẹ̀sìn: bí káńsù bá fún ẹgbẹ́ àṣà, tí àwọn kan kà sí oníṣẹ̀ṣe, láàyè, kí ni yóò sọ fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí? Ọdún Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Ìdúpẹ́ àwọn Mùsùlùmí lọ́dọ̀ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Lónìí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ń bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jọ́-orí kan náà, jó níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni gbàgede ọba jẹ́ tiwọn. Lọ́jọ́ mìíràn, ti ẹlòmíràn ni. Ọjọ́ ni àṣà wa fi ń pín ojúde, kò sẹ́ni tó ń gbà á ní àgbàtán, a kì í sì í bi ẹni tí ọjọ́ kàn nípa ohun tó ń sìn.

Àtakò pé owó káńsù yóò dín kù rọrùn láti dáhùn. Òpin ọ̀sẹ̀ ni òde tó ń mówó wọlé sábà máa ń bọ́ sí. Àárín ọ̀sẹ̀ ni ẹgbẹ́ àṣà lè gbà, kí wọ́n sì fi eré ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ iléèwé san án. Ìlú Bologna ní Ítálì ṣe òfin tó sún mọ́ èyí ní 2014: àdéhùn láàárín ará ìlú àti ìjọba lórí títọ́jú ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tí a kọ sílẹ̀, tí a sì fi síta. Àwọn alága wa á sọ pé Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ wákàtí mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn káńsù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í ṣe ilẹ̀ fífi tọrẹ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti pàṣẹ ní oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, nítorí náà àwáwí pé gómìnà ló di àpò mú ti ń dín kù. Àwọn kánsẹ́lọ̀ lè jókòó kọ ìlànà náà lóṣù yìí, kí wọ́n sì lẹ orúkọ ẹgbẹ́ tó gba ààyè, ọjọ́ wọn àti ìgbà tí àdéhùn wọn yóò parí mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì.