paraga

Ọ̀rọ̀-orúkọ. Ọtí líle, pàápàá ògógóró, tí a rẹ egbò, èèpo igi tàbí atare sínú rẹ̀ títí ó fi gba àwọ̀ àti agbára wọn. Àpẹẹrẹ: Awakọ̀ náà kọ paraga, omi ni ó mu.

Àlàyé ìlò. Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ ní ibùdókọ̀ bíi ti Ore, ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, lójú ọ̀nà Èkó sí Bìní. Àwọn kan ń pè é ní àgbo, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ògbufọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Omi ni a sábà fi ń se àgbo, àwọn ìyá a sì máa fún ọmọ ọwọ́ mu. Paraga kò yẹ ọmọdé, aboyún tàbí awakọ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ paraga sí àgbo fún dókítà ti fi ọtí pamọ́. Ní 2015, ní Ode-Irele, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó kan náà, ọtí ìbílẹ̀ tí methanol wà nínú rẹ̀ ṣekú pa ènìyàn. Dókítà ní láti mọ ohun tí aláìsàn mu gan-an.

Ìfiwéra. Martini kì í ṣe paraga. Jíìnì àti vermouth, ìyẹn wáìnì tí a fi ewé àti egbò sí, ni a ń fi yìnyín rò pọ̀ lójú ẹsẹ̀. A kì í rẹ nǹkan kan sí i. Ọtí àdàlù ni kí a pè é. Bí a bá sọ àdàlù lásán, oúnjẹ ẹ̀wà àti àgbàdo ni ọ̀pọ̀ yóò rò.