*BÀLÚÙNÙ INÚ IKÙN: Ẹ GBỌ́ ÌTÀN RẸ̀ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ*

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí bàlúùnù tí àwọn dókítà ń fi sínú ikùn ẹni tó sanra jù, kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀nà ìrọ̀rùn ni, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀ ná.

Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá ń gbé irun mì, tí irun náà sì ṣù jọ sínú ikùn rẹ̀, kì í lè jẹun púpọ̀ mọ́, ó sì máa ń rù. Ní 1982, dókítà méjì ní Denmark, Nieben àti Harboe, fi bàlúùnù ṣe irú ìṣù bẹ́ẹ̀: kí ó gba àyè nínú ikùn, kí oúnjẹ díẹ̀ tètè yóni.

Ní 1985, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń pè ní Garren-Edwards. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló lọ gbà á. Kò pẹ́ tí wàhálà dé. Ó ń ha ikùn títí yóò fi dá ọgbẹ́ sí i. Àwọn kan jò, wọ́n bọ́ sínú ìfun, wọ́n sì dí i, ó wá di iṣẹ́ abẹ.

Àwọn dókítà tún ṣe ìdánwò kan. Wọ́n ti rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun àwọn aláìsàn, ṣùgbọ́n apá kan nínú wọn kò ní bàlúùnù nínú, wọn kò sì mọ̀. Gbogbo wọn dín oúnjẹ kù. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n, kò sí ìyàtọ̀! Nígbà tó di 1988, wọn kò tà á mọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kó tó di pé wọ́n dẹ́kun títà rẹ̀, ní 1987, àwọn onímọ̀ 75 pàdé ní ìlú Tarpon Springs, ní Florida. Wọ́n ní kí bàlúùnù máa dán, kí ó jẹ́ silicone, kí ó máa gba omi dípò afẹ́fẹ́. Irú rẹ̀ ló wọ́pọ̀ lónìí: omi iyọ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì ju oṣù mẹ́fà lọ nínú ikùn. Wọ́n ń po aró búlúù mọ́ omi náà, kí àwọ̀ ìtọ̀ lè yí padà bó bá jò. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú èyí ní 2015.

*Kí ló ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀?* Ọ̀rá inú ikùn kì í kàn jókòó lásán. Ó ń tú àwọn nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí ara máa jà bí ẹni tó ní egbò tí kò jinná. Ìjà yìí kì í jẹ́ kí ínsúlínì ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣúgà a sì ròkè. Bí ara bá fúyẹ́, ìjà náà máa ń rọlẹ̀: ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ a dín kù. Ṣùgbọ́n fífúyẹ́ náà ló ń ṣe é, bàlúùnù kì í ṣe oògùn. Bí wọ́n bá yọ ọ́, tí ẹni náà padà sí jíjẹ àtijọ́, sísanra ń padà bọ̀, ṣúgà sì ń tẹ̀ lé e.

Ẹ má sì fojú kéré ewu rẹ̀. Ní 2017, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé èèyàn márùn-ún kú lẹ́yìn tí wọ́n gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò lè sọ pé bàlúùnù gan-an ló pa wọ́n.

Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà:
1. Ọjọ́ wo lẹ máa yọ ọ́?
2. Ta ni yóò kọ́ mi ní oúnjẹ tí màá máa jẹ lẹ́yìn náà?
3. Bí inú bá ń run mí tàbí tí èébì kò dá, ta ni mo lè pè lóru?

Aláboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àti ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún nínú ikùn rí, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó fọwọ́ kàn yín.

Oṣù díẹ̀ ni bàlúùnù ń lò. Ohun tí ẹ bá fi oṣù díẹ̀ náà kọ́ ni yóò bá yín kalẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.